Ìyá Kuasẹ́tínì: Naomi Tẹjúmádé Akínlọ́lá (1948–2024) àti Aṣọ Aláwọ̀ Wúrà Tí Wọ́n Fẹ́ Pa Láró fún Rachel

Ìwàrò-Ọ̀kà ni Màmá wa ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ayé, Ìwàrò-Ọ̀kà náà ni a sì pè yín sí lónìí, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Bélú, ọdún 2024, kí ẹ bá wa sìn wọ́n dé ilé ìkẹyìn. A bí Naomi Tẹjúmádé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdù, ọdún 1948. Bàbá wọn ni Pa Rufus Arógundádé, àgbẹ̀ oníṣu, tí wọ́n tún ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Ìyá wọn ni Màmá Zipporah, ọmọ bíbí Ògbàgì, tí wọ́n ń hun aṣọ òwú nínú ilé, tí àwọn èèyàn sì ń ti Ìkàrẹ́ wá rà á. Ọmọ mẹ́fà ni Màmá Zipporah bí. Naomi nìkan ló pẹ́ láyé nínú wọn.

Àkọ́bí olóògbé, Bridget, ni ẹbí yàn láti kọ ìtàn yìí. Ẹbí ní ẹni tó bá wọn gbé pẹ́ jù ló mọ̀ wọ́n jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ wọ́n jù yìí kan náà ló fi ohun kan pamọ́ fún ọdún méjìlá, ohun tó pín Màmá àti àbígbẹ̀yìn wọn, Rachel, níyà. Bridget bẹ Pius, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, pé kí ó jẹ́ kí òun kọ ọ́ síbí kí a tó gbé Màmá wọlẹ̀. Pius kò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ní kí ó kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ìwé yìí fẹ́ ara yín lásán. Ẹ kà á dé ìparí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Pa Rufus sọ nígbà náà pé obìnrin tí kò bá lè ka Bíbélì fún ara rẹ̀, ohun tí wọ́n bá kà fún un ni yóò gbà. Màmá fẹ́ràn láti máa tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà ní Ìkàrẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn a sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní ọdún 1969, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ugbè-Àkókó. Ẹ̀rù wọn a máa ba àwọn ọmọ, nítorí pé wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn tí kò mọ ìwé kà.

Ugbè ni wọ́n ti pàdé Matthew Akínlọ́lá, ọmọ ìlú náà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní kẹ́mísìrì. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Bàbá wa. Nígbà tí Màmá sọ pé ìjọ ọkọ ni àwọn yóò máa lọ, inú bí Pa Rufus gan-an. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 1971, Pa Rufus kò wá. Ọdún méjì gbáko ni bàbá àti ọmọ kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 1973, lẹ́yìn tí Bridget ti ń rìn, Pa Rufus ru iṣu wá sílé wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, wọ́n jẹun, wọn kò sì dárúkọ ìjọ mọ́ títí wọ́n fi kú. Màmá máa ń sọ pé ọdún méjì yẹn ni òun sunkún jù láyé òun. Ìyẹn jẹ́ kí ó ṣòro fún àwa ọmọ láti lóye ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1974 ni orúkọ tí gbogbo Àkókó fi mọ̀ wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ pélébé kan lọ́wọ́, tó pọ́n bíi wúrà. Wọ́n ní èèpo àlùbọ́sà ni àwọn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sè tí àwọn fi pa á láró. Màmá ní irọ́ ni, ẹ̀ ń pidán fún ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá wá ṣàlàyé pé kò sí idán níbẹ̀. Ohun kan wà nínú èèpo tí a ń dà nù yẹn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kuasẹ́tínì. Ó wà nínú ewé gúáfà àti àwọn ewé mìíràn pẹ̀lú, Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èèpo àlùbọ́sà ló pọ̀ sí jù. Bí ó bá pàdé aṣọ tí a ti rẹ sínú álọ́ọ̀mù, irú álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò, yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ náà, yóò sì di àwọ̀ wúrà. Bí ó bá pàdé ìpẹtà irin, yóò ṣú. Màmá kò bá wọn jiyàn mọ́. Wọ́n ṣa èèpo àlùbọ́sà jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì dán an wò lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Bàbá fi ń lọ sí Máàsì, láìtọrọ rẹ̀. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wúrà lọ sí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nítorí ìyẹn nìkan ni wọ́n ní.

Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí ìkòkò èèpo kò hó lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èpìnmì ní ọdún 1978, wọ́n lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin Èpìnmì náà ní iṣẹ́ yìí kí a tó kó wá sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ṣeré. Omi òjò nìkan ni kí a lò. Igi ni kí a fi ro ó, kì í ṣe ṣíbí irin. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ìkòkò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ píìnì lára aṣọ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n lé àbúrò ọkọ wọn jáde nídìí ìkòkò níwájú àlejò nítorí ṣíbí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Kuasẹ́tínì. Àwọn tí ahọ́n wọn kò gbà á ń pè wọ́n ní Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, Màmá sì ń jẹ́ méjèèjì.

Ní Ìkàrẹ́, obìnrin kan wà tó ń ta àlùbọ́sà, Kafilat ni orúkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Alàájà lónìí. Láti ọdún 1981 ni Alàájà Kafilat ti máa ń gbọn èèpo inú àpò àlùbọ́sà wọn pamọ́ fún Màmá. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Màmá ń lọ gbà á, wọn a sì jókòó nísọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Àdúrà ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù ń gbà, ṣùgbọ́n a kò mọ ọ̀rẹ́ mìíràn tí Màmá ní tó tó ọ̀rẹ́ yẹn.

Nínú ìjọ, Màmá jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn ni wọ́n pa gbogbo aṣọ pẹpẹ tí ẹ óò rí lónìí láró. Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1998, Màmá kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 2006. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kọ́ àwọn opó àdúgbò ní aṣọ pípa láró. Ní ọdún 2009, àwọn àti obìnrin mẹ́rin mìíràn ló ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lójoojúmọ́ títí wọ́n fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò wa. Inú gbogbo èèyàn dùn. Omi náà a máa mọ́ gaara nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá sùn nínú garawa, ìdí garawa yóò pọ́n, nítorí pé ìpẹtà wà nínú rẹ̀. Màmá ní kí a máa fi wẹ̀, kí a máa fi sebẹ̀, kí a máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e dé ìdí èèpo òun.

Àṣà kan wà tí Màmá dá sílẹ̀ nínú ilé wa. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó, Màmá a ra yáàdì mẹ́fà aṣọ òwú funfun, wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn pa á láró di wúrà fún un. Màmá kì í sọ pé àwọn fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bridget gba tirẹ̀ ní ọdún 1996, ìyàwó Pius gba tirẹ̀ ní ọdún 2005. Rachel, tí a bí ní ọdún 1983, ló ṣẹ́kù. Rachel yìí ló mọ iṣẹ́ náà jù nínú wa. Láti kékeré ló ti ń bá Màmá ro ìkòkò, kò sì sí òfin kankan nínú òfin Màmá tí kò mọ̀.

Ní ọdún 2010, Rachel sọ pé Abdulwaheed ni òun fẹ́ fẹ́, ọmọ Alàájà Kafilat, tó ń ṣe olùkọ́ ní Lọ́kọ́jà. Ẹni tí kò mọ Màmá yóò rò pé inú wọn yóò dùn, ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni ṣá ni. Inú wọn kò dùn rárá. Wọ́n ní ọmọ ìjọ Kátólíìkì kò lè lọ máa kírun. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan sí Rachel ní pálọ̀ wa tí gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ní, "Rachel, ọjọ́ tó o bá fẹ́ ẹ, aṣọ ọ̀fọ̀ ni wàá gbà lọ́wọ́ mi." Rachel dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Màmá kò dé ìsọ̀ Alàájà mọ́. Ọjà Ògbàgì ni wọ́n ń lọ ṣa èèpo fún odindi ọdún kan, wọ́n sì ń ráhùn pé èèpo ibẹ̀ kò dára.

Ìbínú yẹn kò pẹ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Nínú oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 2011, Màmá dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn rántí Pa Rufus àti iṣu wọn. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́. Bridget bá wọn lọ, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Màmá dúró níwájú ìsọ̀. Alàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ jókòó." Màmá ní, "Kafilat, èèpo ni mo wá gbà. Aṣọ ọmọ wa ni mo fẹ́ pa láró." Alàájà ní, "Àlàmdúlílà," wọ́n sì bú sẹ́kún. Àpò èèpo méjì ni a gbé relé lọ́jọ́ náà. Alàájà sọ fún Rachel lórí fóònù, Rachel sì ń retí aṣọ náà. Màmá fúnra wọn kò pè é. Bridget ní kí wọ́n pè é. Wọ́n ní, "Ẹnu mi ló bà á jẹ́, ẹnu mi kọ́ ló máa tún un ṣe. Bó bá rí aṣọ, ó máa yé e."

A fi yìgì sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé, ọdún 2012. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Màmá ti fi omi òjò kún dúrọ́ọ̀mù oníke kan láti oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n dé e, wọ́n sì fi òkúta lé e lórí. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Màmá ṣubú, a sì dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Aṣọ ti wà nínú álọ́ọ̀mù, èèpo ti wà nínú àpò. Wọ́n ní kí Bridget parí rẹ̀. Wọ́n ní, "Omi inú dúrọ́ọ̀mù ni o. Má fi òmíràn kún un."

Ohun tí Màmá kò mọ̀ ni pé dúrọ́ọ̀mù ti ń ṣófo. Bridget ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ ti Àkúrẹ́ wá bá Màmá gbé, omi kànga ẹ̀rọ sì ń sọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn tó funfun di pípọ́n. Omi òjò Màmá ló fi ń fọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣí dúrọ́ọ̀mù ní Ọjọ́bọ̀ láti pa aṣọ láró, omi tó kù kò ju ìdajì garawa lọ. Ó pọn omi kànga ẹ̀rọ kún un. Ó wò ó, ó mọ́ gaara, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè ṣe nǹkan. Kí ó tó ka Rósárì tán, aṣọ náà ti ṣú. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, kò yí padà. Ó dúdú bí ẹrẹ̀ odò.

Bridget ìbá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ó sì ń bẹ̀rù Màmá, ní ẹni tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ó ká aṣọ náà, ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, ó fi lé Rachel lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì ní kí n gbé e fún ọ. Wọ́n wà ní ọsibítù, wọn kò ní lè wá." Kò dúró kí Rachel tú u. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Rachel tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i pé: "Sọ fún Mọ́mì pé mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí mi." Bridget kà á fún Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti yé e."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ro ohun tí Rachel rí. Màmá ti ṣèlérí aṣọ ọ̀fọ̀ fún un, aṣọ tó dúdú ló sì gbà. Màmá kò wá sí yìgì. Bí ó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ni, ẹnì kan ìbá sọ pé bóyá àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Kuasẹ́tínì kì í ṣe àṣìṣe nídìí ìkòkò. Bí ogójì ọdún ni wọ́n fi ń lé ṣíbí irin. Rachel mọ̀ pé èèpo kì í ṣú bí kò bá kan ìpẹtà, ó sì mọ̀ pé Màmá mọ̀. Ohun tí ọmọ náà rò ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ fi ìpẹtà sí aṣọ òun ni. Alàájà Kafilat náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún ẹnì kan lọ́jà tó wá sọ fún Bridget: "Wàláhì, èèpo tí mo fi ìfẹ́ kó fún un ló fi pa aṣọ ọ̀fọ̀ láró fún ọmọ mi." Bridget gbọ́ èyí, kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí ara Màmá yá tí wọ́n lọ sí Ìkàrẹ́ ní oṣù Igbe, Alàájà yí ojú sẹ́yìn. Màmá rò pé nítorí pé àwọn kò wá sí yìgì ni. Wọn kò bẹ̀bẹ̀, wọn kò béèrè. Ẹ mọ̀ wọ́n.

Bí ọdún méjìlá ṣe lọ nìyẹn. Gbogbo Iléyá ni Rachel àti ọkọ rẹ̀ ń wá sí Ìkàrẹ́, kò sì sí ọdún kan tó gun òkè wá sí Ọ̀kà. Láti Ìkàrẹ́ sí ilé wa, ọ̀kadà kò lo wákàtí kan. Rachel a máa fi fóònù pe Bridget ní ọjọ́ Kérésìmesì, a béèrè pé, "Mọ́mì ńkọ́?" Bridget a ní ara wọn le. Lọ́dọọdún ni ó ń sọ pé ọdún yìí ni òun máa sọ ọ́, lọ́dọọdún ni ẹnu rẹ̀ ń wúwo sí i. Ní ọdún 2017, Màmá gbọ́ lọ́jà pé Rachel bí ọmọbìnrin, ó sì sọ ọ́ ní Naomi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn, wọn kò jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọdún 2019, wọ́n rí ọmọbìnrin kan bí ọmọ ọdún mẹ́fà nísọ̀ Alàájà tó ní iwájú orí wọn gan-an, ẹ̀gbọ́n Naomi kékeré. Wọ́n ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà," kò sì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Màmá sọ èyí fún wa nílé bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀, wọ́n ń tún un sọ pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́.

Ní oṣù Ògún ọdún yìí, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Màmá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó ní fàráńdà, Bridget ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kàn ṣàdédé ní, "Bridget, kí ni mo ṣe fún Rachel gan-an tí aṣọ yẹn ò fi tó ẹ̀bẹ̀?" Bridget kò lè gbé ojú sókè. Ó sọ gbogbo rẹ̀: dúrọ́ọ̀mù, kànga ẹ̀rọ, ìwé ìròyìn. Màmá kò pariwo. Wọ́n béèrè ohun kan péré: "Dúdú báwo?" Bridget sọ fún wọn. Wọ́n fi gèlè nu ojú wọn, wọ́n ní, "Àti ọdún yẹn, ọmọ mi rò pé mo ṣọ̀fọ̀ lé òun lórí."

Bridget mú fóònù pé òun yóò pe Rachel lójú ẹsẹ̀. Màmá gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyí, a kò fi ohunkóhun kún un: "Má pè é. Èmi ń lọ. Bó bá bínú sí mi, ìbínú ẹ̀ máa bá mi wọlẹ̀, á tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá sọ fún un, ta ló máa kù fún un? Ta ló máa kù fún ìwọ náà? Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi." Bridget ní, "Ó dáa, Mọ́mì." Ìtìjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára rẹ̀: ara tù ú pé wọ́n ní kí òun má sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀wàrà, lẹ́yìn tí ohùn Màmá ti lọ, Pius pe Rachel. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Abdulwaheed. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ Màmá mú, ó ní, "Mọ́mì, mo ti dé." Màmá ń wò ó, omi ń bọ́ lójú wọn. Bridget la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màmá yí ojú sí i, wọ́n sì mi orí: rárá. Bridget pa ẹnu rẹ̀ dé. Màmá dákẹ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni ọmọ mẹ́ta: Bridget, Pius àti Rachel, àwọn àna wọn, tí Abdulwaheed wà lára wọn, àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Mẹ́ta ni ti Bridget, méjì ni ti Pius. Àwọn mẹ́ta tí ẹbí kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan rí ni Ayọ̀midọ̀tun, Mujeeb àti Naomi, ọmọ Rachel. Wọ́n jókòó ní iwájú lónìí. Alàájà Kafilat náà wà níbí. Alàájà, ẹ forí jì wá. Ọ̀rẹ́ yín kò fi èèpo yín ṣe ibi.

Bridget tí ìwé yìí ń dárúkọ láti òkè wá, èmi ni. Mo fi orúkọ bo ara mi nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ irú ìtàn yìí, àti nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Rachel, àbúrò mi, Mọ́mì kò rán aṣọ ọ̀fọ̀ sí ọ. Wúrà ni wọ́n ní kí n pa láró. Èmi ni mo fi omi kànga ẹ̀rọ sí i, èmi ni mo sì dákẹ́. Bí o kò bá lè jókòó tì mí lẹ́yìn òní, ó yé mi, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni láti bá mi bẹ̀ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí erùpẹ̀ tó bo ojú wọn, kí o lè sunkún ìyá tó fẹ́ràn rẹ.

Màmá, ẹ ní kí n má sọ ọ́. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu nígbà tí kò yẹ, mo sì ṣàìgbọ́ràn nígbà tí ó yẹ kí n gbọ́. Ẹ jẹ́ kí àìgbọ́ràn ti òní yìí bá a lọ. Kí Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà lọ́kàn yín fi ìmọ́lẹ̀ pàdé yín. Ó dàárọ̀ o, Naomi Tẹjúmádé, ọmọ Arógundádé, aya Akínlọ́lá. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, Mọ́mì. Ọrùn mi ló wà báyìí.